Ọparun inú gíláàsì mi ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, ẹ gbà mí o!

Ewé_Tútù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọparun tó wà lórí tábìlì nínú ilé mi ni mo gbé wá. Ọ̀pá mẹ́ta ni, inú gíláàsì ni wọ́n wà, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí wọn nídìí. Omi ló wà níbẹ̀, kò sí yẹ̀pẹ̀ rárá. Látìgbà tí mo ti gbé e wọlé ni ara rẹ̀ ti ń dá ṣáṣá, tí ewé tuntun ń yọ. Ní báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà ti ń di àwọ̀ ìyeyè láti ìsàlẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ tẹ ibẹ̀, ó rọ̀. Àwọn méjì yòókù ṣì tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ṣóńṣó ewé wọn ti gbẹ. Omi náà ti ń rùn díẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì nínú.

Ẹnì kan ní oòrùn ni kò tó, kí n gbé e sójú fèrèsé. Ẹlòmíràn ní ajílẹ̀ ló ń fẹ́. Mi ò mọ èyí tí mo máa tẹ̀ lé, mi ò sì fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Mo tún ń fẹ́ ọparun gíga kan fún pálọ̀, irú èyí tó wà nínú ìkòkò oníyẹ̀pẹ̀. Ṣé ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń fẹ́?

Àgbẹ̀_Inú_Ilé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan, ẹ má sì tíì da ajílẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wò ó: ṣé inú ọ̀pá yẹn kún, àbí ihò wà láàárín oríkèé kan sí ìkejì? Ibi tí ewé ti yọ ńkọ́? Ṣé ìdí ewé wé mọ́ ara ọ̀pá, àbí ó ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi so mọ́ ẹ̀ka? Lẹ́yìn náà, ẹ fà á yọ nínú òkúta kí ẹ sọ àwọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ fún wa, àti irú omi tí ẹ ń bù sí i.

Ewé_Tútù

Ẹ ṣé, sà. Inú ọ̀pá náà kún, kò ní ihò. Ìdí ewé wé mọ́ ọ̀pá. Gbòǹgbò àwọn méjì tó ṣì le pupa, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ti èyí tó ń ṣàìsàn ti dúdú, ó ń já sọ́wọ́. Omi ẹ̀rọ ni mò ń lò. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni mo máa ń bù kún un.

Àgbẹ̀_Inú_Ilé

Ẹ má bẹ̀rù gbòǹgbò pupa. Bí gbòǹgbò irú ewéko yìí ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, yálà kó pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn. Èyí tó dúdú tó sì ń já ló ti rà.

Inú ọ̀pá tó kún àti ìdí ewé tó wé mọ́ ọn fi hàn pé ohun tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ọparun. Orúkọ ọparun ni wọ́n fi ń tà á káàkiri ayé nítorí oríkèé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Dracaena sanderiana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Pèrègún tí gbogbo wa mọ̀ ni Dracaena fragrans, nítorí náà ìdílé pèrègún ni ewéko yín ti wá. Inú igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà ló ti ń hù, ní agbègbè Kamẹrúùnù. Orúkọ Frederick Sander ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ bíbí Jámánì tó ń gbin òdòdó orchid tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kú ní 1920. Ọparun gidi ní tirẹ̀, ìdílé koríko ló wà, òun àti ìrèké àti àgbàdo.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ohun tó ń mú ọ̀kan yè ló ń pa èkejì. Ti ìdílé pèrègún yìí lè gbé nínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmọ́lẹ̀ tó mọ níwọ̀n sì tó o. Tí ẹ bá ki gbòǹgbò ọparun gidi bọ omi bẹ́ẹ̀, á rà. Tí ẹ bá gbé e sí ìgun yàrá tó ṣú, ewé rẹ̀ á gbọ̀n dànù. Ìwé ìtọ́jú tí ẹ bá kà lórí ọ̀kan, ẹ má lò ó fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aláìsàn wa. Ibi tó ti di àwọ̀ ìyeyè tó sì rọ̀ kò ní padà tutù mọ́. Ẹ yọ ọ̀pá náà kúrò láàárín àwọn yòókù lónìí, torí omi kan náà ni gbogbo wọn jọ wà nínú rẹ̀. Ẹ da omi náà nù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gíláàsì àti òkúta, kí ẹ ṣàn wọ́n títí ọṣẹ á fi tán lára wọn. Ẹ gbé gbòǹgbò àwọn méjì tó le sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kí ẹ sì gé èyí tó bá ti dúdú nínú rẹ̀ kúrò.

Bí òkè ọ̀pá tó ń ṣàìsàn bá ṣì tutù, ẹ lè gbà á là. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ tó mú, ẹ gé ọ̀pá náà lókè ibi tí àwọ̀ ìyeyè dé, kí oríkèé méjì ó kéré tán wà lára èyí tí ẹ máa dá sí. Ẹ wá wo ojú ibi tí ẹ gé. Tó bá mọ́ tónítóní, ó ti tó. Tí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ tún gòkè kí ẹ gé sí i. Ibi oríkèé ni gbòǹgbò tuntun ti máa yọ, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọ.

Omi_Òjò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ọ̀pá, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ṣóńṣó ewé, torí ọ̀tọ̀ ni ìdí tiẹ̀. Fluoride ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń fi í sínú omi ẹ̀rọ nítorí eyín aráàlú. Àwọn Dracaena sì wà lára àwọn ewéko tí ara wọn kì í gbà á. Gbòǹgbò á fà á pẹ̀lú omi, omi á gbé e gòkè dé inú ewé. Nígbà tí omi bá wá fẹ́ lọ lójú ewé, fluoride kò lè bá a lọ, á ṣẹ́kù sí ṣóńṣó àti etí ewé, á máa kó jọ síbẹ̀ títí ibẹ̀ á fi kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, tí àárín ewé á ṣì tutù.

Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ẹ bu omi ẹ̀rọ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Fún chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, òótọ́ ni, torí afẹ́fẹ́ ni chlorine, á fò kúrò nínú omi. Kò ran fluoride rárá. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ ran chloramine, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ omi kan ń lò dípò chlorine. Ẹ má ronú pé ẹ máa sè é o: omi ló ń di ooru tó ń lọ, fluoride ò kúrò nínú ìkòkò, ṣe ló máa tún ki sí i nínú omi tó kù.

Omi òjò tó mọ́ ló dára jù lójú tèmi. Bí kò bá sí, omi tó ti gba inú àsẹ́ reverse osmosis kọjá, àsẹ́ tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi kúrò, dára, àti omi tí wọ́n gbà láti ara ooru omi híhó, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì ọkọ̀. Ẹ rí i dájú pé kò tíì sí ásíìdì nínú rẹ̀ o.

Bíbù kún omi tó ti lọ sílẹ̀ tún wà lára ìṣòro yín. Bí omi bá ń gbẹ, iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò bá a gbẹ. Ẹ bu òmíràn kún un, iyọ̀ tún wọlé. Ẹ máa da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ fi tuntun rọ́pò, ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì síra. Kí omi bo gbòǹgbò nìkan, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ dé àárín ọ̀pá.

Ṣóńṣó tó ti gbẹ kò ní jí mọ́. Bí ó bá ń dà yín láàmú lójú, ẹ fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ, kí ẹ fi ìlà tín-ín-rín nínú èyí tó gbẹ sílẹ̀, torí tí sísọ́ọ̀sì bá wọ ara tútù, ibẹ̀ náà á tún gbẹ. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ omi ló máa sọ fún yín bóyá omi náà bá a mu.

Ìyá_Ọlọ́gbà

Gbogbo ohun tí ẹ̀yin ọmọ mi sọ ló dára, àmọ́ mi ò gbà pé kí a máa fi ewéko sínú omi títí láé. Nínú igbó tó ti wá, inú ilẹ̀ ló ń hù sí. Tèmi wà nínú yẹ̀pẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì dúdú minijọ. Oúnjẹ wo ló wà nínú omi lásán? Afẹ́fẹ́ tí gbòǹgbò ń mí náà kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá ìkòkò tó ní ihò nídìí, ẹ po ilẹ̀ tó fúyẹ́ mọ́ iyanrìn tó hán, kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ki ìka bọ ilẹ̀ tí ó sì gbẹ dé oríkèé ìka àkọ́kọ́, ẹ bomi rin ín. Bí kò bá tíì gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Àgbẹ̀_Inú_Ilé

Ẹ kú ọgbọ́n, mà. Mi ò ní bá yín jiyàn pé inú yẹ̀pẹ̀ ló ti ń dàgbà jù. Ohun tí mo kàn fẹ́ bẹ Ewé_Tútù ni pé kó má ṣe é lásìkò yìí. Gbòǹgbò tó hù nínú omi rọ̀ ju èyí tó hù nínú ilẹ̀ lọ, omi tó wà lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru ló mọ̀. Aláìsàn tí a bá já kúrò níbẹ̀ lójijì á tún pàdánù èyí tó kù nínú gbòǹgbò rẹ̀. Kó kọ́kọ́ gbádùn, kó yọ ewé. Nígbà tí ẹ bá wá gbé e bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, kí yẹ̀pẹ̀ náà máa tutù dáadáa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ bí Ìyá ṣe wí.

Lórí ajílẹ̀: ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rà kò lè jẹun, ajílẹ̀ tí ẹ bá dà sí i á tún jó gbòǹgbò tó kù ni. Èyí tí ara rẹ̀ le, tó wà nínú omi, ẹ lè fún un ní ajílẹ̀ olómi ní oṣù méjì síra, kí ẹ fi omi là á dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kú nítorí àjẹjù ajílẹ̀, mi ò tíì rí èyí tí ebi pa kú nínú omi tó mọ́.

Fèrèsé_Mẹ́ta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ oòrùn tí wọ́n ní kó gbé e sí. Ṣé kó gbé e síbẹ̀ ni àbí kó má gbé e síbẹ̀?

Àgbẹ̀_Inú_Ilé

Kó má gbé e síbẹ̀ o. Abẹ́ igi ńlá ló ń gbé nínú igbó, oòrùn tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gba inú ewé mìíràn kọjá. Oòrùn ojúkojú látinú gíláàsì fèrèsé á jó ewé rẹ̀, ojú ibẹ̀ á funfun, lẹ́yìn náà á gbẹ. Á tún mú omi inú gíláàsì gbóná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tí oòrùn kò ti kan ewé ni kó wà, bí ẹ̀yìn kọ́tìnì fẹ́lẹ́ tàbí ibi tó jìnnà díẹ̀ sí fèrèsé. Ibi tó ṣú jù náà kò dára: ọ̀pá á máa na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀, ewé á máa ṣí àwọ̀. Ẹ máa yí gíláàsì padà díẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kó má baà tẹ̀ sápá kan.

Láti inú títẹ̀ síhà ìmọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń rí àwọn ọ̀pá tó lọ́ yípoyípo tí wọ́n ń tà. Àwọn tó ń gbìn ín máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti apá kan ṣoṣo wá, wọ́n á máa yí ewéko náà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tó pọ̀, ọ̀pá á sì máa tẹ̀ lé e. Tó bá dé ilé yín, ibi tó bá tún hù jáde tuntun á lọ tààrà. Kò sí àìsàn kankan nínú ìyẹn.

Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára gíláàsì yín náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú omi ló ń bí i. Abọ́ amọ̀ tàbí abọ́ tí ojú kò lè rí inú rẹ̀ ló dára ju gíláàsì lọ. Ooru tó bá a lára mu wà láàárín 18 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má gbé e síbi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù á ti máa fẹ́ lù ú.

Mi ò sì fọwọ́ sí àwọn ohun dídán tí wọ́n ń fín sójú ewé. Ṣe ló ń dí ihò tí ewé fi ń mí. Asọ tútù nìkan tó láti fi nu eruku.

Koríko_Gíga

Ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè ọparun inú pálọ̀ ni mo wá dáhùn, torí ọparun gidi ni mò ń tọ́ nínú ilé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ewéko yòókù lọ. Ewé_Tútù, kí n má tàn yín, iṣẹ́ ńlá ni. Ó fẹ́ oòrùn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì tún fẹ́ ọ̀rinrin. Ó ṣòro kí yàrá kan ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Irú tí ẹ bá yàn ló ṣe pàtàkì jù. Irú ọparun tó wà láyé lé ní 1,400. Àwọn kan wá láti ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Phyllostachys. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ àsìkò òtútù tí wọ́n á fi sinmi lọ́dọọdún, ilé tó móoru láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá á máa tán wọn lókun. Igi abẹ́ ilẹ̀ tí èéhù wọn ń gbà jáde tún máa ń sáré lọ jìnnà, nínú ìkòkò á máa yí po títí tó fi lè fọ́ ìkòkò. Ẹ wá èyí tó ti ilẹ̀ olóoru wá, tó ń hù ní agbo sójú kan. Bambusa multiplex ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá bi mí: ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ kéékèèké, kò sì bínú tí a bá gé e kúrú. Bambusa ventricosa náà wà, èyí tí àárín oríkèé rẹ̀ máa ń wú rọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí ìkòkò bá há mọ́ ọn. Ẹwà rẹ̀ pọ̀. Wọ́n tún ń ta koríko kékeré kan tó ń jẹ́ Pogonatherum ní ọparun inú ilé. Kì í ṣe ọparun. Bí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ tán lẹ́ẹ̀kan péré, ó ṣòro kó tó jí.

Fèrèsé tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú ilé ni kí ẹ fún un. Ohun tí Àgbẹ̀ sọ pé kí a sá fún oòrùn, ọparun gidi kọ́ ló ń bá wí.

Kó tó pẹ́ tí ẹ gbé e wọlé, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa á, torí wọ́n á rò pé omi ló ń fẹ́, wọ́n á wá máa da omi sí i lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó dín kù ló ń mú kó gbọn ewé, ó ń wá iye ewé tí ìmọ́lẹ̀ tuntun náà lè bọ́. Bí ọ̀pá bá ṣì tutù, ẹ mú sùúrù, ẹ̀ka á tún rú ewé tó mọ ibi tó wà. Ewé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ti omi: tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ewé á ká etí méjèèjì wọlé, á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ bu omi sí i, á tún tẹ́ padà láàárín wákàtí mélòó kan. Tí ewé bá rọ̀ wálẹ̀ tó sì ń pọ́n, tí yẹ̀pẹ̀ sì tutù, omi ti pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò jókòó sínú omi tó ṣàn sínú àwo ìsàlẹ̀.

Ilé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ máa ń fa kòkòrò tíntìntín kan tó ń ta òwú sẹ́yìn ewé. Ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, àmọ́ ẹ máa rí àmì tótòtó funfun lójú ewé. Ẹ gbé e lọ sí balùwẹ̀, kí ẹ fi omi tó lágbára fọ ẹ̀yìn ewé dáadáa, kí ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ mélòó kan síra, torí ẹyin tó kù á tún pa. Tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ látìgbàdégbà kí kòkòrò tó dé, ó sàn jù.

Ajílẹ̀ tó ní nitrogen dáadáa ló fẹ́, torí koríko ni. Ewé tó bá sì já sínú ìkòkò, ẹ má kó o dànù. Silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, pọ̀ nínú ewé ọparun, bó bá jẹrà, ilẹ̀ á gbà á padà. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta síra, ìkòkò á kún. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ayùn là á sí méjì, kí gbòǹgbò, igi abẹ́ ilẹ̀ àti ọ̀pá wà lára ìdá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún wọn gbìn. Àní ayùn, torí ọ̀bẹ ò ní lè là á.

Fèrèsé_Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n Koríko_Gíga, tí ọ̀pá rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ṣé á sanra tó bá pẹ́? Tí ó bá sì kan àjà ńkọ́?

Koríko_Gíga

Kò ní sanra, àbúrò. Bí èéhù bá ṣe tóbi tó nígbà tó yọ lórí ilẹ̀ ni ọ̀pá náà á ṣe tóbi mọ títí ọjọ́ tó máa kú. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ti wà nínú èéhù látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kàn máa nà jáde ni, bí ẹni fa eriali rédíò jáde. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ló ti ga tán, lẹ́yìn ìyẹn kò ní fi ìka kan kún un mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀pá tó sanra, ẹ bọ́ agbo náà dáadáa, èéhù ọdún tó ń bọ̀ á tóbi ju ti èṣí lọ, títí dé ibi tí ìkòkò bá gbà á dé.

Tó bá kan àjà, ẹ gé e lókè oríkèé kan. Ọ̀pá tí ẹ gé kò tún ní ga mọ́, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kàn máa kún sí i. Ti ìdílé pèrègún yàtọ̀ síyẹn: ẹ gé orí rẹ̀, èéhù tuntun á yọ lábẹ́ ibi tí ẹ gé, á sì máa ga lọ.

Ẹ̀ṣọ́_Ìlera

Ẹ jọ̀ọ́, a ti sọ̀rọ̀ omi títí, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀fọn. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ní 2001, wọ́n rí ẹ̀fọn Aedes albopictus, oníla funfun, nínú ẹrù Dracaena yìí tí ọkọ̀ òkun gbé láti Ṣáínà dé Los Angeles ní California. Inú omi ni wọ́n to àwọn ọ̀pá náà sí nínú àpótí ẹrù. Ní 2005, wọ́n tún rí ẹ̀fọn kan náà ní Nẹ́dálándì, nínú àwọn ilé ọ̀gbìn onígíláàsì tí wọ́n ń kó ewéko yìí sí. Ẹ̀fọn yìí ló ń gbé ibà dengue àti chikungunya.

Níbi tí ooru bá ti mú, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10. Omi_Òjò ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ má bínú, níbi tí ẹ̀fọn bá wà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Dída omi nù nìkan kò sì tó. Aedes máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara abọ́ lókè ojú omi, ẹyin náà lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó sì tún pa nígbà tí omi bá kàn án. Ẹ fi kànrìnkàn ha inú abọ́ dáadáa, àti ara òkúta. Bí omi tí ẹ bù kò bá rú bo òkúta mọ́lẹ̀, tí òkúta ló wà lókè, ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríbi yé sí.

Omi_Òjò

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbà, ọ̀sẹ̀ kan ni. Omi òjò tí ẹ bá kó pamọ́ náà, ẹ dé e dáadáa.

Ológbò_Méjì

Ẹ jọ̀wọ́, ológbò mi máa ń jẹ ewé rẹ̀. Ṣé kò léwu?

Àgbẹ̀_Inú_Ilé

Ó léwu. Saponin wà nínú ewé Dracaena, májèlé ni fún ológbò àti ajá. Èébì, itọ́ tó ń dà àti àìlèjẹun ni àmì rẹ̀, ẹyinjú ológbò sì lè là gbòòrò. Ẹ gbé ewéko náà síbi tí ológbò kò lè gùn dé, tàbí kí ẹ fún ẹlòmíràn. Tó bá ti jẹ ẹ́, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má dúró wò ó. Ọparun gidi kì í ṣe májèlé fún wọn ní tirẹ̀, Koríko_Gíga á jẹ́rìí sí i.

Koríko_Gíga

Bẹ́ẹ̀ ni. Èéhù tútù nìkan ni mo máa ń dáàbò bò, torí bí ẹran bá jẹ orí rẹ̀, ọ̀pá náà ò ní ga mọ́.

Ewé_Tútù

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yọ ọ̀pá náà, mo ti fọ ohun gbogbo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gé e, àmì àwọ̀ ilẹ̀ kan wà láàárín, mo bá tún gòkè gé e, ó ti mọ́ báyìí, oríkèé mẹ́ta ló kù pẹ̀lú ewé lórí. Ṣé kí n dá a padà sáàárín àwọn méjì yòókù? Mo tún rí i pé nǹkan kan bí abẹ́là wà lórí ọ̀pá kan nínú wọn. Ṣé kí n ha á kúrò?

Àgbẹ̀_Inú_Ilé

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì dá a padà, ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀ títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi yọ tó sì gùn tó ìka ọwọ́, bí nǹkan kan bá ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀ kó má baà ran àwọn tó le. Ẹ já ewé tó bá máa kan omi kúrò, kí omi bo oríkèé ìsàlẹ̀ nìkan, kí ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn ò dé.

Abẹ́là ni lóòótọ́. Àwọn tó gé ọ̀pá náà ló fi í di ojú ọgbẹ́ òkè, kí ara rẹ̀ má baà gbẹ, kí omi má sì wọ ibẹ̀ kó jẹrà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ gé ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ wà, ibẹ̀ ló sì fi máa mu omi, nítorí náà ẹ má kan abẹ́là kankan síbẹ̀ o.